Ẹ̀kọ́ ti Oṣù Yìí: Àwọn tí ó ti Òkèèrè wá sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Adití

Kíkà: Ìhìnrere ti Márkù Mímọ́, orí 7, ẹsẹ 31 títí dé 37. Kí olùkọ́ ka á lẹ́ẹ̀mejì fún ẹgbẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.



Àwọn ọ̀dọ́ kan wà láàrin wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí wọ́n ń bèèrè bí ó bá yẹ kí àwọn fi ilé sílẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù ní ilẹ̀ òkèèrè, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àkàndá: àwọn adití, àwọn afọ́jú, àwọn tí ọpọlọ wọn kò yára. Àwọn àjèjì pẹ̀lú ń wá sí ilẹ̀ tiwa fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó ní láárí ni, nítorí pé ọmọ ẹlòmíràn ni a fẹ́ fi ọwọ́ kàn. Èmi kò fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ lásán dá a lóhùn. Mo fẹ́ kí a wo ìtàn àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí láàrin àwọn adití, kí a wo ohun tí wọ́n mú lọ, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, àti ohun tí ó kù nígbà tí wọn kò sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Olúwa fúnra Rẹ̀. Márkù sọ fún wa pé agbègbè Tírè àti Sídónì ni Ó ti wá sí Dekapólì. Ilẹ̀ tí àwọn Kèfèrí pọ̀ sí ni èyí, tí a fi lè wí pé ìdálẹ̀ ni Ó wà ní ọjọ́ náà. Wọ́n mú adití kan wá bá A, wọ́n sì ń bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó gbé ọwọ́ lé e. Ohun tí Ó kọ́kọ́ ṣe ni pé Ó mú un kúrò láàrin èrò, Ó bọ́ sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìhìnrere kò sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá adití gbé ilé kan rí yóò mọ̀ bí ara a ti máa ni adití tó láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn, níbi tí gbogbo ẹnu ń ṣí tí ó sì ń pa dé, tí kò sì mọ ẹni tí ń bínú àti ẹni tí ń ṣe àwàdà. Nígbà tí ó ku àwọn méjì péré, ìka Olúwa lọ sí etí ọkùnrin náà, ọwọ́ Rẹ̀ kan ahọ́n rẹ̀, ojú Rẹ̀ lọ sókè, Ó sì mí kanlẹ̀. Gbogbo èyí ni adití lè rí, tí ó sì lè mọ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹnu tó tẹ̀lé e. Lójú tèmi, Olúwa ti fi ọwọ́ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ kí Ó tó fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ti máa ń wí.

Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé àwọn ará ìlú náà kò fi adití wọn pamọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mú un jáde. Ní ilẹ̀ wa, àwọn baba wa a máa pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọn a sì máa kìlọ̀ fún ọmọdé kí ó má ṣe fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀wọ̀ ni èyí jẹ́, àwa Kristẹni kò sì gbọdọ̀ kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ nìkan kò kọ́ ọmọ ní ìwé. Títí di òní ni a ń rí ilé tí a ti ń jẹ́ kí ọmọ adití máa pọn omi, kí ó máa gbálẹ̀, nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé.

Ó yẹ kí olùkọ́ ṣàlàyé ohun kan níhìn-ín, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. A máa ń pe adití ní odi, bí ẹni pé àìsàn wà ní ẹnu rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí ohun kan tí ó ṣe ẹnu náà. Lórí ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ èdè: ó ń gbọ́ bí ìyá ti ń kiri ọjà, bí ó ti ń kí ará ilé, bí ó ti ń kọrin, títí tí òun pẹ̀lú yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a pè. Ọmọ tí kò gbọ́ràn-án létí, ẹ̀yìn ọrùn ìyá rẹ̀ ni ó ń wò. Bí a kò bá fún un ní èdè mìíràn tí ojú lè rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni yóò ṣe aláìní. Kì yóò ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi ro èrò, kì yóò mọ orúkọ ara rẹ̀, kì yóò sì lè gbàdúrà pẹ̀lú wa. Àwa tí a mọ ohùn dùndún ni kò yẹ kí èdè ọwọ́ ṣe ní kàyéfì. Ìlù kò ní ẹnu, síbẹ̀ ó ń ki ọba, ó sì ń bú ẹni tí ó bá tọ́ sí.

Àlùfáà kan ní ìlú Paris, tí a ń pè ní de l'Épée, ni ó kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó lókìkí sílẹ̀ fún àwọn adití, ní nǹkan bí ọdún 1760. Ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì pàdé tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ adití. Ó kẹ́dùn pé wọn yóò kú láìmọ ẹ̀kọ́ ìgbàlà. Ohun tí ó mú un tayọ àwọn ẹlòmíràn ni pé ó jókòó sí ẹsẹ̀ àwọn adití gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé, ó kọ́ àmì ọwọ́ tí àwọn fúnra wọn ń lò, lẹ́yìn náà ni ó fi í kọ́ wọn ní ìwé. Ó kú ní 1789. Ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ ni Sicard, ilé-ẹ̀kọ́ náà ni a sì ti tọ́ Laurent Clerc dàgbà, ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí.

A bí Clerc ní ilẹ̀ Faransé ní 1785. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún kan, ó ṣubú sínú iná, àpá rẹ̀ sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Orúkọ rẹ̀ láàrin àwọn adití ni kí a fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kàwé ní Paris, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Ní òdìkejì òkun, ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Cogswell, ọmọbìnrin rẹ̀ Alice sì di adití nípa àìsàn nígbà tí ó kéré. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ àlùfáà, Thomas Hopkins Gallaudet, rí ọmọ náà nígbà tí ó ń dá wà. A sọ pé ó kọ orúkọ àkẹtẹ̀ sórí ilẹ̀, ó sì nawọ́ sí àkẹtẹ̀ rẹ̀, títí tí ọmọ náà fi mọ̀ pé ìlà wọ̀nyí ni orúkọ nǹkan yìí. Láti inú erùpẹ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí ó kù ti jáde.

Baba ọmọ náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó owó jọ, wọ́n rán Gallaudet lọ sí Yúróòpù ní 1815 láti kọ́ iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé kan ni ó di iṣẹ́ yìí mú bí àṣírí ilé, gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn tí kò fẹ́ dárúkọ ewé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé májẹ̀mú kalẹ̀ fún un tí kò lè gbà. Ṣùgbọ́n ó pàdé Sicard ní London pẹ̀lú Clerc, wọ́n sì pè é wá sí Paris, wọ́n kọ́ ọ láìfi ohunkóhun pamọ́. Nígbà tí ó tó àkókò láti padà sílé, ó bẹ Clerc pé kí ó bá òun lọ. Clerc gbà láti fi ọdún mẹ́ta ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 1816 ni wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì lo ọjọ́ 52 lórí òkun. Àwọn méjèèjì kò fi ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣòfò: Clerc kọ́ Gallaudet ní èdè ọwọ́, Gallaudet kọ́ Clerc ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí a tó gúnlẹ̀, olúkúlùkù ti di ọmọ ilé-ìwé ẹnìkejì rẹ̀. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin ọdún 1817 ni a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Hartford pẹ̀lú ọmọ 7, Alice sì wà láàrin wọn. Clerc tí ó ṣèlérí ọdún mẹ́ta kò padà sílé mọ́ bí kò ṣe fún ìbẹ̀wò. Amẹ́ríkà ni ó kú sí ní 1869. Àwọn ọmọ tí ó wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì wá lọ́wọ́ òfo. Olúkúlùkù mú àmì ọwọ́ ilé tirẹ̀ wá, pàápàá àwọn tí ó ti erékùṣù Martha's Vineyard wá, níbi tí adití pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí etí wọn là pẹ̀lú fi ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Àmì ti Faransé àti àmì ti àwọn ọmọ náà pò pọ̀, wọ́n sì di èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà.

Àwa ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Ọmọ Gallaudet kan, tí òun pẹ̀lú ń jẹ́ Thomas, di àlùfáà nínú ìjọ àwọn arákùnrin wa ní Amẹ́ríkà. Ó dá ìjọ St Ann sílẹ̀ ní New York ní 1852 fún àwọn adití, níbi tí a ti ń fi ọwọ́ ka Ìwé Àdúrà. Lábẹ́ ìtọ́ni rẹ̀ ni Henry Winter Syle, tí ó jẹ́ adití, fi di díákónì ní 1876, tí ó sì di àlùfáà lẹ́yìn náà. Àwọn kan ní ìgbà náà gbà pé ẹni tí kò lè fi ohùn ka ìsìn kò lè jẹ́ àlùfáà. Ọmọ Gallaudet mìíràn, Edward, ni ó ṣe alákòóso kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn adití ní Washington, èyí tí Ààrẹ Lincoln fi ọwọ́ sí ní 1864.

Ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni a ti dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ ilẹ̀ Yorùbá. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ènìyàn dúdú ni. A bí i ní Alabama ní 1925, ọmọ awakùsà èédú ni. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11, àìsàn yírùnyírùn kọ lu òun àti arákùnrin rẹ̀, àwọn méjèèjì sì di adití. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití dúdú ni a fi í sí, nítorí pé ní ìgbà náà a kò jẹ́ kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jókòó pọ̀. Ó kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, a kò gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ní 1951 ni a tó gbà á, ní 1954 ni ó sì jáde, òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè níbẹ̀. Ó ti gbọ́ láti ẹnu míṣọ́nnárì kan nípa àìní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò ní ọkàn rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì sílẹ̀ fún àwọn adití Áfíríkà ní 1956. Ní 1957, ọdún tí Gánà gba òmìnira, ó gúnlẹ̀ sí Accra.

Ní ìlú púpọ̀ tí Foster dé, àwọn aláṣẹ a máa wí fún un pé kò sí ọmọ adití lọ́dọ̀ àwọn. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Wọn kò rí wọn rí ni, nítorí pé inú ilé ni àwọn ọmọ náà wà. Foster yá iyàrá ilé-ìwé kan lò lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá ti lọ sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó rí. Nígbà tí òkìkí kàn pé adití kan láti òkè òkun ń kọ́ adití ní ìwé, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ jáde. Ẹ fojú inú wò ó: ìyá tí a ti wí fún pé ọmọ rẹ̀ kò lè mọ nǹkan kan, tí ó wá rí àgbàlagbà tí ó jẹ́ adití gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà, tí ó wọ aṣọ olùkọ́, tí ó ń kọ̀wé sí ojú pátákó. Ìwàásù wo ni ó ju èyí lọ?

Ní 1960 ó wá sí Nàìjíríà, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ti Kaduna àti ti Enugu tẹ̀lé e. Ní 1961 ó gbé Berta ní ìyàwó, adití ará Jámánì, ẹni tí ó bá a ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó ṣe, Ìbàdàn di ibi tí àwọn adití láti ilẹ̀ tí ń sọ èdè Faransé ti ń wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tí wọn ń padà lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìlú wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tipa bẹ́ẹ̀ dìde lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, ọkọ̀ òfuurufú tí ó wọ̀ já lulẹ̀ ní Ruwáńdà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Iṣẹ́ náà kò bá a kú, nítorí pé ó ti fi í lé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́.

Òtítọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a fi ìyìn nìkan kún ìwé. Èdè ọwọ́ tí Foster mú wá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn adití kan wà ní Áfíríkà tí wọ́n ti ní èdè ọwọ́ tiwọn kí ó tó dé. Ní abúlé Adamorobe ní Gánà, níbi tí ìran adití ti pẹ́, àti ní ilẹ̀ Haúsá, a ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti ìgbà àwọn baba. Èdè ilé-ìwé ti ń lé èdè wọ̀nyí sẹ́yìn. Àwọn ọmọwé tí ń kọ wọ́n sílẹ̀ nísinsìnyí ń kẹ́dùn bí wọ́n ti ń kú lọ. Èmi kò dá Foster lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tí ilé ń jó kì í dúró yan omi tí yóò bù. Síbẹ̀, de l'Épée bẹ̀rẹ̀ nípa kíkọ́ ohun tí ó bá lọ́wọ́ àwọn ọmọ, mo sì gbà pé ọ̀nà tirẹ̀ ni ó sàn fún ẹni tí ó bá ní àyè àti ṣe é. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Nísinsìnyí, ọ̀dọ́ tí ń bèèrè. Ọ̀nà pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹgbẹ́ Peace Corps ti Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní 1961, ti rán ènìyàn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ adití ní Gánà àti Kẹ́ńyà. Ìjọ wa pẹ̀lú ní ilé-ẹ̀kọ́ adití kan ní Salt, ní ilẹ̀ Jọ́dánì, lábẹ́ Díósíìsì ti Jerúsálẹ́mù, tí a dá sílẹ̀ ní 1964. Àwọn ènìyàn láti Yúróòpù a máa lọ fi ara wọn jìn fún iṣẹ́ níbẹ̀ láàrin àwọn ọmọ Lárúbáwá. Kò sí ohun tí ó wí pé ọmọ Yorùbá kò lè lọ.

Ṣùgbọ́n kí ó tó di ẹrù, kí ó kọ́kọ́ kọ́ èdè ọwọ́ ní ilé. Bí ó bá lo oṣù mẹ́ta ní òkèèrè kí ó tó lè bi ọmọ kan pé kí ni orúkọ rẹ, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni ó ti sọ di alágbàtọ́ rẹ̀. Kí ó béèrè bóyá iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe jẹ́ èyí tí ọmọ ìlú náà lè ṣe, kí ó sì gba owó rẹ̀ bọ́ ilé; bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó jókòó sílé, kí ó fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn ọmọ tí ń gbé inú ilé-ẹ̀kọ́ a máa so ọkàn mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ràn wọn. Ọmọ tí a bá fi sílẹ̀ ní ọdọọdún, tí ó ń rí ojú tuntun bí ojú àtijọ́ ti ń lọ, yóò kọ́ pé ìfẹ́ ò pẹ́. Nítorí náà, ọdún méjì sàn ju oṣù méjì lọ, ó sì yẹ kí a sọ ọjọ́ ìlọ fún ọmọ náà kí ọjọ́ ọ̀hún tó dé, ní èdè tí yóò yé e.

Ohun kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ ní ilé Ọlọ́run, èmi yóò sì sọ ọ́. Ọmọ tí kò lè ké, tí kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ nílé, rọrùn fún ẹni búburú láti pa lára. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára a máa wádìí ẹni tí ń bọ̀, kì í jẹ́ kí àjèjì àti ọmọ kan dá wà nínú iyàrá tí a tì, kì í sì í jẹ́ kí a ya àwòrán ọmọ kiri bí ọjà. Bí a bá bi ọ̀dọ́ wa ní ìbéèrè líle, kí ó má bínú. Ẹni tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá bí nínú, inú mi yóò dùn bí kò bá lọ.

Fún ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́: kí olùkọ́ bèèrè ìdí tí Olúwa fi mú ọkùnrin náà kúrò láàrin èrò, kí ó jẹ́ kí olúkúlùkù dáhùn. Kí ó bèèrè èwo nínú Clerc àti Foster ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù, àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a ka ilé tí ó wà ní ìjọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a kọ iye ọmọ adití tí a mọ̀ tí ó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ orí wọn, kí a sì fi iye náà lé àlùfáà ìjọ lọ́wọ́ kí oṣù tó parí. Kí a má ṣe ka orúkọ wọn sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé kò sí, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn méjì tí yóò lọ bẹ ilé wọ̀nyẹn wò.